Ẹ̀jẹ̀ Asibi àti Ilé Àyẹ̀wò Yábàá

Bí wọ́n bá ní kí àwa tí à ń kọ́ máíkíróbáyọ́lọ́jì ní Ìlọrin dárúkọ àwọn tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wa lélẹ̀, Leeuwenhoek, Pasteur àti Koch ni a ó kọ́kọ́ pè. Kò burú. Ṣùgbọ́n apá kan pàtàkì nínú ìtàn yìí, Yábàá ní Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, a kì í sì í sábà mẹ́nu bà á.

Ní 1925, àjọ Rockefeller Foundation dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Yábàá láti wádìí ibà pọ́njú. Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri, ti sọ pé bakitéríà kan ló ń fà á. Àwọn ará Yábàá wá bakitéríà náà títí lára àwọn aláìsàn, wọn kò rí i.

Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tó ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ara ọ̀bọ kan tí irú rẹ̀ ti Íńdíà wá. Ara Asibi yá. Ọ̀bọ náà kú. Láti ibẹ̀ ni Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson ti fi hàn pé ẹ̀fọn lè gbé àìsàn náà láti ara ọ̀bọ kan dé òmíràn, àti pé ohun tó ń fà á máa ń gba inú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá. Fáírọ́ọ̀sì ni.

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí. Stokes kó ibà náà. Lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún àyẹ̀wò. Ó kú sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Ibà náà pa á ní oṣù karùn-ún 1928. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, William Young tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà kú.

Fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yìí ni Max Theiler, tí wọ́n bí ní South Africa, ń tọ́ léraléra nínú ilé àyẹ̀wò títí agbára ìpani fi kúrò lára rẹ̀. Ní 1937, ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Orúkọ Asibi kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń pe fáírọ́ọ̀sì náà títí di òní.

Kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn rárá. Ní 1987, ibà pọ́njú jà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtòsí wa níbí. 17D ni wọ́n sì ṣì fi ń dènà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti gba abẹ́rẹ́ náà kó tó rin ìrìn-àjò lọ sí òkè òkun, ohun tó ti ara Asibi wá ni wọ́n gún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá tún ń ka àwọn baba ńlá iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká ka Asibi mọ́ wọn.