Kòkòrò Tí Kò Bá Ewé Rìn

Kò sí ará etí ọ̀sà tí kò mọ ojú oró àti òṣíbàtà. Abájọ tó fi rọrùn láti ka ewé tó léfòó láti ìhà Àjàṣẹ́ wọ odò Àgbádárìgì ní 1984 mọ́ wọn. Ẹni tó bá fà á yọ ni yóò rí i pé ọ̀tọ̀ ni. Òṣíbàtà fi gbòǹgbò mú ilẹ̀ lábẹ́ omi. Ewé ojú oró ní irun wẹ́wẹ́ tí omi kì í lẹ̀ mọ́. Ti ewé àlejò yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní water hyacinth, yàtọ̀: ìdí ewé rẹ̀ wú, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ dúdú bí ìyẹ́, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ elése àlùkò. Gúúsù Amẹ́ríkà nilé rẹ̀, òdòdó yẹn ló sì wu àwọn èèyàn tí wọ́n fi gbé e káyé. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ nílé kò bá a lọ. Lójú tèmi, gbogbo ìyọnu tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ẹ wo gúúsù Benin, lórí odò Ouémé àti adágún Nokoué, níbi tí ọkọ̀ kò ti rọ́nà kọjá mọ́, tí àwọ̀n kò ṣeé dà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003 ṣírò pé nígbà tí ewé náà gbilẹ̀ jù, nǹkan bí 200,000 èèyàn ń pàdánù mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún. Kíkó o kúrò lómi kò tó: èyí tó ṣẹ́kù a máa yọ ọmọ, ó sì lè di ìlọ́po méjì kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Oògùn apakòriko ńkọ́? Omi tí wọ́n ti ń pẹja náà ni wọn ì bá dà á sí. Ní 1991 ni àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA bẹ̀rẹ̀ sí í tú Neochetina sílẹ̀ níbẹ̀, kòkòrò onímú gígùn tí kò tó èékánná. Ìdin rẹ̀ a gbẹ́ ìdí ewé wọlé, omi a bá ihò náà wọ̀, ewé a jẹrà, a sì rì. Ó gba ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ewé náà dín kù gan-an.

Àwọn kan á ní iyọ̀ ló ṣe é. Lóòótọ́, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun a wọ ọ̀sà Èkó, ewé a kú. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ti ń wọlé lọ́dọọdún kí kòkòrò tó dé, ìyẹn ò ní kí ewé má padà lásìkò òjò, torí pé kì í dé òkè odò tí omi dídùn ti ń gbé e bọ̀. Ẹ̀rù pé kòkòrò náà yóò kọjú sí oko kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: wọ́n ti fi oríṣiríṣi irúgbìn dán an wò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àtakò tó lágbára wà ní adágún Victoria. Uganda tú u sílẹ̀ ní 1995, ewé lọ sílẹ̀ kí 2000 tó wọlé, àmọ́ ó tún padà sí apá Kenya, torí pé ẹ̀gbin ìlú àti ajílẹ̀ tó ń ṣàn wọ omi ń bọ́ ọ yó ju bí kòkòrò ṣe lè jẹ ẹ́ lọ.