Ìkọ́ṣẹ́ Àbẹ̀wò Nínú Ìṣègùn Ọpọlọ ní Amẹ́ríkà: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀

Bí ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn bá sọ nílé pé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ lòun fẹ́ yàn láàyò, ọ̀pọ̀ òbí wa ló máa ń bèèrè pé, "Ṣé dókítà wèrè lo fẹ́ dà ni?" Bẹ́ẹ̀, a nílò irú dókítà bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí ẹni wa kan bá sọ pé nǹkan ń rìn lórí òun, tàbí pé orí òun ń gbóná, dókítà tí kò mọ ọ̀rọ̀ wa lè ṣì í gbọ́. Ìwádìí sì ti fi hàn léraléra pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń tètè sọ pé schizophrenia ló ń ṣe aláwọ̀ dúdú, nígbà tó jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń bá a jà.

Kí ni ìkọ́ṣẹ́ àbẹ̀wò?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kẹrin, tíí ṣe àṣekágbá, lè lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fásitì mìíràn, lọ́pọ̀ ìgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Yóò bá àwọn dókítà yẹ aláìsàn wò ní wọ́ọ̀dù, ní ẹ̀ka pàjáwìrì, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ibẹ̀ ló ti lè rí ọ̀gá tí yóò kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Níwọ̀n bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún rẹ́sídẹ́ńsì ti di orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ ibi láti 2020, àbẹ̀wò yìí wà lára ọ̀nà díẹ̀ tó kù láti fojú ara ẹni rí ilé ìwòsàn náà.

Ta ni owó ìrànwọ́ wà fún?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìṣègùn ọpọlọ ló ya owó ọkọ̀ àti ilé gbígbé sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti inú ẹ̀yà tí dókítà wọn kò tó bí iye wọn ṣe pọ̀ tó láwùjọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára wọn. Lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní oṣù kẹfà 2023 lórí lílo ẹ̀yà láti gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, àwọn kan ti yí ìlànà wọn padà. Wọ́n lè máa wo iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe láwùjọ, tàbí bóyá òun ló kọ́kọ́ lọ fásitì nínú ẹbí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka ìlànà ọdún tí ẹ wà gan-an.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé?

Orí ètò VSLO, tí ẹgbẹ́ AAMC ń bójú tó, ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Wọ́n sábà máa ń bèèrè àbájáde ìdánwò, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àti lẹ́tà ìfẹ́ ọkàn. Ó dára kí àbẹ̀wò náà parí kí oṣù kẹsàn-án tó tán, nítorí ìgbà náà ni àwọn ilé ìwòsàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé àwọn tó fẹ́ ṣe rẹ́sídẹ́ńsì. Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e ni èsì máa ń jáde, ọdún mẹ́rin sì ni rẹ́sídẹ́ńsì ìṣègùn ọpọlọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ wọ̀nyí kò kan ẹni tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà. Àmọ́ títí di ìparí 2025, físà B-1 máa ń fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti Nàìjíríà láti wá kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fásitì láìgba owó oṣù, bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá gbà á.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Nígbà tó dé Aro ní 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, gbogbo ayé sì wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá ní ọ̀nà yìí lòun fẹ́ tọ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ ka ìlànà náà, kí ẹ sì ṣe àdúà fún un.