Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Ìgbín Òkun Tó Wà Nínú Mílíọ̀nù Yín

Bí alert báńkì bá dún lórí fóònù yín báyìí, tí mílíọ̀nù kan náírà wọlé, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni bàbá àgbà máa pè é. Àpò owó ẹyọ tó gba 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹ sọ ọ́ lọ́nà àádọ́ta, ó di mílíọ̀nù.

Ìgbín ni ẹyọ lóòótọ́. Inú omi òkun tí kò jìn, nílẹ̀ olóoru, ló ń gbé. Tó bá wà láàyè, ẹran ara rẹ̀ máa ń yọ jáde bo ìkarahun rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dán láìjẹ́ pé ẹnì kan nù ún.

Erékùṣù Maldives, lójú Òkun Íńdíà, ni ẹyọ àkọ́kọ́ wa ti wá. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Morocco, dé ibẹ̀ ní 1343. Ó ní kòtò etí òkun ni wọ́n ń kó ìgbín náà sí títí ẹran rẹ̀ á fi jẹrà tán, wọ́n á wá fi ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará Bengal. Níbẹ̀, 400,000 ẹyọ ni dínárì wúrà kan. Nígbà tó dé Mali lẹ́yìn náà, 1,150 péré ni. Ẹ wo èrè!

Èrè yẹn làwọn òyìnbó rí. Àwọn Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì ń kó ẹyọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òkun kí ọkọ̀ má baà dojú dé, wọ́n á gbé e dé Amsterdam àti London, kó tó wá sí Ouidah. Kí ni wọ́n fi ń rà? Èèyàn. Ibi tó ń dùn mí jù nìyí: àwọn tí wọ́n kó wọkọ̀ kò padà, ìkarahun ló kù sílé.

Nígbà tó di nǹkan bí 1845, tó jẹ́ pé epo pupa ni òyìnbó ń wá, àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ mìíràn láti Zanzibar. Mọ̀lẹ́bí ti Maldives ni, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ, ó ní òrùka àwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń rà á. Wọ́n dà á sí Èkó bí ẹni da yanrìn. Ọjà gbà á.

Ẹ wá fojú inú wo ìyálọ́jà kan tó fi ọdún pípẹ́ tọ́jú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sínú ìkòkò. Olè ò jà á, ẹyọ kan ò dín níbẹ̀, síbẹ̀ ohun tó lè fi rà ń kéré sí i lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ìrẹsì lónìí, ṣé ó jọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀?

Ẹyọ tuntun náà tún wúwo, bẹ́ẹ̀ alárùú kò ní ru ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣílè àti kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbọjà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹyọ lọ jókòó sídìí àwọn tó ń fi mẹ́rìndínlógún dá, àti sórí irun dídì.

Èyí tẹ́ ẹ fi ya sẹ́ẹ́fì lánàá ńkọ́? Bí wọn ò bá tíì gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ẹ yí i wò. Tẹ́ ẹ bá rí òrùka ìyeyè, irú ti Zanzibar nìyẹn.