Alárìnjó Kan ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹ mọ alárìnjó, òṣèré tí ń ru ẹrù eré rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọ̀kan nínú irú wọn ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

New York ni wọ́n ti bí i ní 1959. Peretz Bernstein ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ara rẹ̀ di Perry Farrell. Bí ẹ bá yára pe orúkọ yìí, yóò dún bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pe ohun tí ó wà ní etí, tí kò sí láàárín. Orúkọ náà sì rò ó. Ní 1985, ó dá ẹgbẹ́ olórin Jane's Addiction sílẹ̀ ní Los Angeles. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà tí ogunlọ́gọ̀ ń tọ̀.

Òkìkí dé, ìjà àti oògùn olóró sì bá a dé. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ tú ká ní 1991, Farrell kò fẹ́ kí wọ́n dá nìkan dágbére. Ó pe Ice-T tí ń fi ẹnu da orin, ó pe Living Colour, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń kọ rọ́ọ̀kì, ó sì pe Siouxsie and the Banshees láti Ìlú Ọba. Ó sọ ìrìn-àjò náà ní Lollapalooza. Àwọn tí wọ́n wà létí wá di ẹni àárín agbo.

Ọdọọdún ni ó ń rìn títí di 1997, kí ó tó dáwọ́ dúró. Wọ́n jí i dìde ní 2003. Ní 2004, tíkẹ́ẹ̀tì kò tà, wọ́n sì fagi lé e. Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ní 2005, òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ fìdí àríyá náà kalẹ̀ sí Grant Park ní Chicago. Alárìnjó jókòó, àwọn èrò wá ń rìn tọ̀ ọ́ wá. Ó dé Chile ní 2011, Brazil ní 2012, àti India ní 2023.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tún kóra jọ lẹ́yìn ìgbà náà. Ní oṣù September 2024, ní Boston, ó kọlu ẹni tí ń ta gìtá fún wọn lórí ìtàgé, lójú gbogbo èrò. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò wọn dópin níbẹ̀. Ẹni tí ó kó àjèjì jọ sí pápá kan, agbo kékeré tirẹ̀ ni kò rọrùn fún un láti mú dúró. Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò.