Ìró àti Ìkìlọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Èkó

Ohun kan ni ìró, ohun mìíràn ni ìkìlọ̀. Láyé àtijọ́, bí akéde bá lu agogo ní Ìsàlẹ̀ Gángan, kì í lù ú kí ó sì kọjá lọ. Yóò dúró, yóò jẹ́ iṣẹ́ ọba, ará ilé yóò sì mọ ohun tí yóò ṣe.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Ogun Àgídìǹgbì ni àwọn ará ìlú sọ ọ́, nítorí bí àgbá náà ti ń dún. Ìró yẹn kì í ṣe ìkìlọ̀. Òun gan-an ni ewu.

Ewu ayé òde òní tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìtànṣán átọ́míìkì kò ní ìró rárá. Lẹ́yìn jàǹbá Three Mile Island ní Amẹ́ríkà ní 1979, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí ètò ìkìlọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbé ní nǹkan bí máìlì 10 sí ilé-iṣẹ́ iná oní-átọ́míìkì láàárín ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Fèrè tí à ń pè ní sáírìnì ni wọ́n ń lò jù. Ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé kí ènìyàn sá, bí kò ṣe pé kí ó tan rédíò kí ó gbọ́ àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní Chernobyl, ní oṣù Kẹrin 1986, òru ni ilé-iṣẹ́ náà bú. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a tó kó àwọn ará Pripyat, ìlú tí ó múlé tì í, kúrò.

Nàìjíríà kò tíì ní irú ilé-iṣẹ́ iná bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ Èkó ti jìyà àìsí ìkìlọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè ológun Ìkẹjà. Ìlú mì tìtì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tètè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tàbí ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn, àgàgà àwọn ọmọdé, sá wọ inú odò Òkè-Àfà nínú òkùnkùn, wọ́n sì kú sómi. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò lé ní 1,000.

Lónìí, bí sáírìnì bá han ní ìgboro Èkó, ohun tí ó sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé kí a yà fún ọkọ̀ ènìyàn ńlá. Kí fèrè kan tó lè gba ẹ̀mí là níbẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ fi ìtumọ̀ mìíràn kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé.