Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ tí Áàpù ń Jẹ́: Ìtàn Ṣíṣí àti Títì Rẹ̀

Kí wáyà tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn nílẹ̀ Yorùbá a di àrokò fún ìránṣẹ́. Owó ẹyọ méjì tí a so kí wọ́n dojú kọra túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tí a rán an sí, ṣùgbọ́n bí a bá so méjì náà kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé nìyẹn. Ìránṣẹ́ a gbé e rin igbó, a gbé e rin ọ̀dàn, láìmọ ohun tí ń bẹ nínú ẹrù ọwọ́ rẹ̀, nítorí àṣírí náà kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà sì ní iṣẹ́ ẹrú là á rán ni, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n mọ̀ dájú pé láàárín ẹni tó rán ni níṣẹ́ àti ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún, ọ̀rọ̀ lè yí padà lójú ọ̀nà, tí kò sì ní sí àkọsílẹ̀ tí a ó fi mọ ibi tó ti yí.

Iṣẹ́ jíjẹ́ yìí kan náà ni áàpù orí fóònù ń ṣe lónìí. Bí àgbẹ̀ kan ní Gouka ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójú ọ̀nà tó ti Savalou lọ sí Bantè, bá fẹ́ fi MoMo, owó orí fóònù, ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé ní Kútọnu lẹ́yìn tó ti ta kajú rẹ̀, áàpù náà yóò di ìbéèrè rẹ̀ lẹ́rù, yóò fi rán kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lókèèrè, yóò sì dúró de èsì. Bí èsì kò bá padà, kò sí ohun tí ojú àgbẹ̀ náà rí ju àmì róbótó kékeré kan tó ń yí lójú fóònù. Ẹni tó kọ áàpù náà wà ní ìlú ńlá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà, àfi bí ó bá ti pàṣẹ pé kí áàpù máa kọ gbogbo iṣẹ́ tó bá jẹ́ sílẹ̀: ibi tí ìbéèrè lọ, ohun tó gbé lọ, èsì tó gbé bọ̀, àti bí ó ti pẹ́ tó. Àkọsílẹ̀ yìí ṣeé ṣí, ó sì ṣeé tì. Nítorí àgbẹ̀ náà la ṣe ń ṣí i, nítorí rẹ̀ náà la sì ṣe gbọ́dọ̀ tì í, èrò tèmi sì ni pé títì yìí ni àwọn tó ń kọ áàpù kọ́ kẹ́yìn, tí wọ́n sì fi ìnira kọ́.

Irú àkọsílẹ̀ yìí ti wà ṣáájú áàpù: ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1844, nígbà tí Samuel Morse fi wáyà ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà ń tẹ àmì sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan kí ojú lè kà á. Kò pẹ́ tí ìró ẹ̀rọ náà fi mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wáyà létí débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ojú wọn tó rí i, a sì gbé bébà gígùn náà kúrò ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wáyà. Wọ́n pa á tì nítorí pé kò wúlò mọ́. Kò sí ẹni tó kà á sí ewu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó ka àkọsílẹ̀ sí ewu nígbà tí Eric Allman, ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, ṣe syslog, irinṣẹ́ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní àwọn ọdún 1980 fún Sendmail, ètò tí ń pín lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tó sì fi ipele sára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí alábòójútó lè yan èyí tí yóò pa mọ́. tcpdump, tí ń fi ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, tẹ̀lé e ní 1988; Ethereal ti Gerald Combs, tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, dé ní 1998, òun ni a wá ń pè ní Wireshark láti 2006.

Íntánẹ́ẹ̀tì wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1995, fóònù Android àkọ́kọ́ sì jáde ní 2008. Lára irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ áàpù Android ń lò jù láti fi ìbéèrè ránṣẹ́ ni OkHttp ti ilé iṣẹ́ Square, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ipele mẹ́rin: NONE kì í kọ ohunkóhun, BASIC ń kọ ìlọ àti àbọ̀, HEADERS ń fi àwọn àkọlé kún un, BODY sì ń tú ẹrù náà palẹ̀ pátápátá. Bí OkHttp kò bá rí èsì kà fún ìṣẹ́jú àáyá 10, yóò ṣíwọ́ dídúró, àyàfi bí ẹni tó kọ áàpù bá yí i padà. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já, ìbéèrè lè ti dé ọ̀hún, kí owó ti kúrò, kí èsì nìkan sì há sọ́nà. Àgbẹ̀ yóò tún tẹ̀ ẹ́, owó lè lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ṣí àkọsílẹ̀ nìkan ni yóò rí ìlà náà: «<-- HTTP FAILED: java.net.SocketTimeoutException». Ìlà kan ṣoṣo yìí ń gba ẹni lọ́wọ́ àròsọ.

Ṣùgbọ́n BODY tó fi àṣìṣe hàn náà ń kọ nọ́ńbà fóònù àgbẹ̀ náà, iye owó rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, gbogbo aṣọ kọ́ sì là ń sá lóòrùn. Ṣáájú Android 4.1, tó jáde ní 2012, áàpù kan lè gba àyè láti ka àkọsílẹ̀ áàpù mìíràn lórí fóònù kan náà. Android 4.1 ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, Twitter kéde pé ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà òun ti wọ inú àkọsílẹ̀ abẹ́lé láìbò, wọ́n sì gba àwọn tó lé ní 330 mílíọ̀nù nímọ̀ràn pé kí wọ́n pààrọ̀ tiwọn. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹrin, ni Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí Òfin 2017-20, èyí tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni lórí ẹ̀rọ.

Àṣà iṣẹ́ ọ̀hún ti yí báyìí. Àkọsílẹ̀ a máa ṣí nínú áàpù ìdánwò, NONE sì ni èyí tó lọ sọ́wọ́ aráyé; àkọlé tó gbé kọ́kọ́rọ́ oníbàárà, OkHttp lè fi ██ bò ó. Inú mi dùn sí ìṣọ́ra yìí, ṣùgbọ́n ó fi àgbẹ̀ Gouka sílẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ kì í hàn ní Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ gbé áàpù ìdánwò, fóònù tirẹ̀ àti owó tirẹ̀ gba Savalou gòkè wá, kí ó dúró nínú oko kajú níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já, kí ó sì ṣí BODY sórí ìbéèrè ti ara rẹ̀ nìkan.