Búrẹ́dì Agége àti Ọ̀gbẹ́ni Kan Láti Jàmáíkà

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Toronto, ẹ̀yin Brampton, ẹ̀yin Scarborough, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń dá màmá yín lóhùn, mo kí gbogbo yín. Lónìí, a ò ní sọ̀rọ̀ ọba, a ò ní sọ̀rọ̀ ogun Kírìjì. Ìtàn búrẹ́dì ni mo fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, búrẹ́dì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló wà nínú búrẹ́dì tí ènìyàn á fi máa pìtàn rẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún mi. Àwa Yorùbá tí a wà níbí mọ bí a ṣe ń gbádùn ohun ńlá: òde, aṣọ ẹbí, gèlè tó ga ju orí lọ, owó tí a ń ná fún olórin. Ṣùgbọ́n tó bá di ìgbádùn kékeré, èyí tí dọ́là márùn-ún lè rà, a máa ń sọ pé ó di ìgbà tí a bá dé ilé. "Tí mo bá dé Nàìjíríà, màá jẹ búrẹ́dì Agége gbígbóná." Ọdún mẹ́ta kọjá, ọdún márùn-ún kọjá, a ò dé ilé, a ò sì jẹ búrẹ́dì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì lè sọ fún yín pé ẹni tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kì í béèrè òde. Tíì tó gbóná dáadáa ló ń béèrè. Búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa ló ń béèrè, kí wọ́n sì sún bẹ́ẹ̀dì òun mọ́ fèrèsé díẹ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì sí búrẹ́dì láàárín wa.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìṣòro kan wà. Káàkiri inú ìwé yẹn, búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ, bẹ́ẹ̀ àwa kò gbin àlìkámà. Wọ́n wo ohun tó sún mọ́ ọn jù, wọ́n kọ àkàrà. Ẹ ṣí Bíbélì àtijọ́ tí màmá yín gbé wá láti ilé, ẹ máa rí "àkàrà aláìwú" nínú ìtàn Ìrékọjá. Ẹ fojú inú wo Mósè pẹ̀lú àkàrà ẹlẹ́wà lọ́wọ́! Àmọ́ nínú àdúrà Olúwa, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti dárúkọ búrẹ́dì, wọn ò kọ àkàrà, "oúnjẹ òòjọ́" ni wọ́n kọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀, oníyán náà wà níbẹ̀.

Lásìkò yẹn náà ni àwọn Àgùdà ń ti Brazil padà sí Èkó, tí àwọn Sàró ń ti Sierra Leone bọ̀. Wọ́n kó oúnjẹ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ wálé. Títí dòní, ẹ lè rí ilé àwọn Àgùdà ní Èkó tí wọ́n ti ń se fùréjọ́ọ̀nù ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó wà lọ́wọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí aláàárù lè fi jẹun àárọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ló yí i padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí búrẹ́dì ni wọ́n ṣe là á. Ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Bó ṣe ń lọ sókè, wọ́n ń wá akọ̀wé tó ti mọ iṣẹ́ rélùwéè, wọ́n sì ń mú wọn wá láti àwọn erékùṣù Karíbíánì. Ọ̀kan nínú wọn ni Amos Shackleford. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí ní 1887. Ní 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Kí ọkùnrin yìí tó wá, àwọn ènìyàn wa ti lọ sí Jàmáíkà. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú parí níbẹ̀, láàárín ọdún 1840 sí 1870, àwọn òyìnbó kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ olówò ẹrú lọ sibẹ̀ láti ṣe lébìrà. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí di báyìí, ibì kan wà ní Westmoreland, ní Jàmáíkà, tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Mi ò sọ pé ọmọ Yorùbá ni Shackleford o. Ohun tí mò ń sọ ni pé òkun yẹn kì í ṣe odi, ọ̀nà ni, wọ́n sì ń rìn ín ní àlọ àti àbọ̀.

Shackleford fi rélùwéè sílẹ̀, ó bá ilé iṣẹ́ olówò kan ṣiṣẹ́ díẹ̀, nígbà tó sì di 1921, ó bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ní Èkó. Ọkùnrin náà kì í ṣe oníbúrẹ́dì lásán. Ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Marcus Garvey nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1920, àwọn tó ń sọ pé kí ènìyàn dúdú ní òwò tirẹ̀, kí ó má dúró de ẹnikẹ́ni. Ó wá lọ ṣe é. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ òṣèlú tó dùn tó búrẹ́dì yẹn.

Ohun tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù ni ẹ̀rọ kan. Irin róbótó méjì ni, wọ́n ń yí lórí ara wọn. Ẹ ó pò fúláwà tán, ẹ ó ki í bọ àárín irin méjèèjì, á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á jáde lódìkejì, ẹ ó ká a, ẹ ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà títí á fi funfun, tí á sì máa dán. Ibẹ̀ ni agbára búrẹ́dì Agége ti wá. Búrẹ́dì ṣọ́ọ̀bù ibí yìí, tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á rún. Agége á fà, á sì padà sí ipò rẹ̀. Tí ẹ bá rì í bọ inú tíì, kì í yọ́ sínú ife. Shackleford gbé ẹ̀rọ yìí wọ Èkó, ó ń fi mọ́tò kó búrẹ́dì káàkiri, wọ́n sì ń pè é ní ọba búrẹ́dì ní Nàìjíríà. Ó kú ní 1954.

Báwo ló ṣe wá di "Agége"? Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní Agége, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin yẹn náà, àwọn oníbúrẹ́dì ń tà fún èrò tó wà nínú ọkọ̀. Agége ti jẹ́ ìlú olóbì tẹ́lẹ̀, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, orúkọ ìlú bá lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì. Àwọn obìnrin gbé e lórí atẹ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ike bọ́tà. Àwọn obìnrin mìíràn gbé ìkòkò ẹ̀wà wá láti apá Tógò àti Benin, àwọn tí Èkó ń pè ní Àgànyìn, pẹ̀lú ata dúdú tí wọ́n dín títí ó fi ń ta sánsán. Búrẹ́dì ará Jàmáíkà, ẹ̀wà ará Tógò, ẹnu ará Èkó. Ohun tí a ń pè ní oúnjẹ ilé nìyẹn o! Kò sí ọ̀kankan tó ti ilé wá.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Fún òṣìṣẹ́ Èkó, búrẹ́dì lé ebi lọ ní owó pọ́ọ́kú, títí tó fi di ohun tí ìjọba ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn. Nígbà tó di oṣù kìíní 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Owó búrẹ́dì fò sókè, ó wá kéré lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì. Ọdún 1992 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Tí bàbá yín tàbí màmá yín bá ti gbọ́njú lásìkò yẹn, ẹ pè wọ́n kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi mu tíì. Ẹ máa gbọ́ ìtàn tí wọn ò tíì sọ fún yín rí, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ó wá kan Toronto. Búrẹ́dì tí Shackleford fi sílẹ̀ nílé, àwọn ará Jàmáíkà kò dẹ́kun jíjẹ ẹ́. Wọ́n ń pè é ní hard dough bread, àwọn mìíràn ní hardo. Ẹ̀rọ onírin méjì náà ni wọ́n fi ń tẹ tiwọn. Ní 1955, Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn obìnrin láti Jàmáíkà àti Barbados wọlé láti wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀; ẹni tó bá ṣe é fún ọdún kan lè dúró. Púpọ̀ nínú wọn kàwé, àwọn mìíràn jẹ́ tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì nílé wọn. Ẹ̀yin tí màmá yín jẹ́ dókítà nílé tó wá ń tọ́jú arúgbó níbí, ẹ mọ ìtàn yìí láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Àwọn obìnrin yìí àtàwọn tó tẹ̀lé wọn ló di òpópónà Eglinton West mú, tí a ń pè ní Little Jamaica.

Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré oúnjẹ wọn. Ní 1985, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ilé búrẹ́dì ará Jàmáíkà ní Toronto má pe patty wọn ní "beef patty" mọ́, torí nínú ìwé òfin, ẹran lásán ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ ní ìyẹ̀fun lára. Wọ́n bá ìjọba jà lórí ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi fẹnu kò sí "Jamaican patty". Ẹlòmíràn á ní ìjà lórí oúnjẹ kékeré. Ohun kékeré lẹ fi máa mọ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún yín.

Ní 2011, iṣẹ́ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí Eglinton yẹn. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n dí ọ̀nà, ọdún ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ilẹ̀kùn wọn pa. Rélùwéè tó gbé búrẹ́dì wá fún wa ní Èkó, òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ níbí. Èyí tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé àwa Yorùbá ń wakọ̀ kọjá níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn lọ sí òde, a ń ṣàárò Agége, ọmọ ìyá rẹ̀ wà lórí káńtà. Ó dùn díẹ̀ ju tiwa lọ, ó sì ki, mi ò ní pa irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹyin díndín àti ata sí i, kí ẹ wá bá mi jiyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí wọ́n fi àpótí gbé Agége wá láti Èkó, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì nìyí: àwọn oníbúrẹ́dì kan ṣì ń fi potassium bromate sí tiwọn bí NAFDAC tilẹ̀ ti fòfin dè é, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín lára nylon. Àwọn Yorùbá ti ń ṣe Agége tiwọn ní Toronto báyìí. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ má tijú.

Ní Sátidé, kí ẹ jí lọ. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí wọn ò tíì gé. Ẹ ra méjì, ẹ̀kejì fún àwọn ará ilé. Tó bá ṣì gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá délé.